Ẹni Tó Ra Ẹ̀wù Ló Ni Igbe

"Ẹ gbé èyí tó ń rẹ́rìn-ín yẹn kúrò níwájú mi," ni Ìyáàfin Ọlápẹ̀jú wí. "Eyín rẹ̀ ti pọ̀ jù."

Ère tó ń bá wí pa ẹnu dé kíá, ó kọjú sí ògiri, òun àti ẹ̀wù ìléfòó tó wà lọ́rùn rẹ̀, irú èyí tí ń wú nínú omi kí ẹni tó wọ̀ ọ́ má baà rì. Bí gbogbo ère ẹ̀rọ inú ìsọ̀ Múfútáù ti rí nìyẹn. Bí olówó bá bá wọn wí, wọn a tẹrí ba bí ọmọ tó jí ẹran inú ọbẹ̀. Bí ẹni tí aṣọ rẹ̀ gbó bá yọjú sí wọn, wọn a ní kó kọ́kọ́ nu ẹsẹ̀. Ẹ̀rọ kò ní ìwà tirẹ̀. Ìwà ẹni tó rà á ló ń hù.

Lẹ́bàá ilẹ̀kùn ni Ìbíyẹmí dúró sí, òun àti bàbá àgbà tó tọ́ ọ dàgbà, Bàbá Jẹ́gẹ́dẹ́. Ère ẹnu ọ̀nà ti ní kí àwọn méjèèjì nu ẹsẹ̀. Wọ́n nu ún. Ó tún ní kí wọ́n nu ún. Bàbá wò ó láti orí dé ibi tí igi tí wọ́n fi gbé e dúró ti wọ inú pákó, ó ní, "Ìwọ tí o ò ní ẹsẹ̀ rárá," ó sì kọjá wọlé.

Ẹ̀rín fẹ́ẹ́ bọ́ lẹ́nu Ìbíyẹmí, ṣùgbọ́n Ìyáàfin Ọlápẹ̀jú, ìyá ọkọ rẹ̀, ń wò ó, ó gbé e mì. Ọmọbìnrin náà kì í sọ̀rọ̀ láwùjọ. Ilé ló ti kẹ́kọ̀ọ́, lẹ́sẹ̀ Bàbá àti àwọn àgbà tí wọ́n máa ń jókòó tún àwọ̀n ṣe lẹ́yìnkùlé wọn, ohun tó bá sì rò, inú ló ń fi í sí. Ìrẹ̀lẹ̀ ni àwọn ènìyàn ń pe èyí. Ká ní wọ́n lè wo inú náà ni, wọn ì bá wá orúkọ mìíràn fún un.

"Wá síbí, ìyàwó," ni Ìyáàfin Ọlápẹ̀jú wí. "Ìyàwó tó wá ra ẹ̀wù kì í dúró lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tó wá fọn iná."

Ọ̀túnla ni wọn yóò ta ìgbòkun gbé e lọ sílé ọkọ ní Òkè-Ìmọ́lẹ̀, níbi tí àwọn ọlọ́lá kọ́ ilé onígíláàsì sí lórí òpó irin. Láyé bàbá tó bí Bàbá Jẹ́gẹ́dẹ́, mọ́tò ni wọ́n ń wọ̀ débẹ̀. Ẹja ló ń gba títì náà báyìí. Ìbíyẹmí ní ẹ̀wù ìléfòó tirẹ̀ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n àṣà ni pé ìyàwó kì í wọ ẹ̀wù ilé baba rẹ̀ wọlé ọkọ. Ìdílé ọkọ ló ń ra tuntun fún un. Láìsí ẹ̀wù, ojú ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ ibodè èbúté kò ní jẹ́ kó kọjá; ojú náà kì í ṣẹ́, kì í sì í gbẹ̀bẹ̀.

Adédàpọ̀, ọkọ tí yóò fẹ́ ẹ, jókòó sórí àga onítìmùtìmù, ó ń wo èékánná rẹ̀. Ó dúró ṣánṣán lórí àga náà bí ẹni tó gbé ọ̀pá mì, nítorí abẹ́ agbádá ló wọ ẹ̀wù ìléfòó tirẹ̀ sí. Gbogbo ọmọ ọlọ́lá ló ń wọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ìléfòó tó hàn síta, ti apẹja ni, wọ́n ní.

Múfútáù fi ọwọ́ méjèèjì gbé ẹ̀wù kan wá bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Àrán aláwọ̀ wúrà ni, tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọ̀já.

"Màmá wa, èyí ló yẹ yín. Ìyàwó lè wọ bùbá lé e lórí, ẹyẹ ò ní mọ̀."

"Bó bá wá wú lábẹ́ bùbá ńkọ́?" ni Bàbá Jẹ́gẹ́dẹ́ bi í. "Ṣé kì í ṣe àyà ni yóò fún pọ̀?"

"Bàbá, ẹ̀wù olówó kì í sáà wú. Ṣé ẹ ti rí olówó tó jábọ́ sómi rí?"

"Mo ti yọ méjì nínú wọn."

Múfútáù rẹ́rìn-ín bí ẹni pé àwàdà ni. Ìyáàfin Ọlápẹ̀jú kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí Ìbíyẹmí na apá, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ wọ ẹ̀wù náà fún un. Ó de bẹ́líìtì rẹ̀ níwájú, ó sún sẹ́yìn, ó yẹ̀ ẹ́ wò láti òsì, ó yẹ̀ ẹ́ wò láti ọ̀tún, bí a ti ń wo ewúrẹ́ ọjà.

"Ó bá awọ rẹ̀ mu," ni ó wí fún Múfútáù. Kò sọ ọ́ fún Ìbíyẹmí.

"Okùn itan rẹ̀ dà?" ni Bàbá tún béèrè.

"Okùn wo?"

"Èyí tí à ń gbà láàárín ẹsẹ̀ méjèèjì, tí à ń so mọ́ iwájú. Bí kò bá sí i, bí ẹ̀wù bá wú tán, orí ló ń gbà bọ́. Ẹ̀wù á gòkè, ẹni tó wọ̀ ọ́ á lọ sísàlẹ̀."

"Bàbá." Ìyáàfin Ọlápẹ̀jú rọra pè é bí ẹni ń pe ọmọdé tó tọ̀ sílé àlejò. "Ẹ wò ó, ìyàwó ilé tèmi kì í gba okùn láàárín ẹsẹ̀. Ẹṣin ni à ń dì ní gàárì. Bóyá ní ọ̀dọ̀ tiyín."

Adédàpọ̀ rẹ́rìn-ín sí èékánná rẹ̀.

Ìbíyẹmí wo ẹnu tó fi rẹ́rìn-ín náà. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wá sílé wọn, ó ti sọ fún un pé òun fẹ́ràn bó ṣe máa ń dákẹ́. Ìbíyẹmí rò nígbà náà pé ó gbọ́ ohun tí ń bẹ nínú ìdákẹ́ náà ni. Ó jọ pé àyè ló kàn ń wá fún ìyá rẹ̀ láti máa sọ̀rọ̀.

"Igbe tí yóò máa ké bó bá bọ́ sómi ńkọ́, Màmá?" ni Múfútáù bi í. "Ta ni ká kọ ọ́ sí?"

"Ṣé ìyẹn tún ń fẹ́ ìbéèrè? Ọwọ́ mi ni gbogbo ìyàwó ilé wa wà." Ó na apá ọ̀tún síwájú. Ẹ̀gbà gíláàsì kan wà lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀, ó ní ìlẹ̀kẹ̀ kéékèèké lára, ìlẹ̀kẹ̀ kan fún ìyàwó kan. Múfútáù fi ẹ̀gbà náà kan àyà Ìbíyẹmí. Ìlẹ̀kẹ̀ tuntun kan tàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tó kù, àwọ̀ rẹ̀ àti tiwọn kò yàtọ̀ síra.

"Òfin mọ̀ wá báyìí," ni Múfútáù wí. "Ẹni tó ra ẹ̀wù ló ni igbe."

Ìbíyẹmí tẹ̀ síbi tí Adédàpọ̀ jókòó sí. Ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì lọ. "Bí mo bá jábọ́ sómi, ta ló máa gbọ́?"

"Màámi."

"Ọkọ̀ ayọni ńkọ́?"

"Ọkọ̀ ayọni kì í gbọ́ ti ẹni tó wà nínú omi. O mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá ń gbọ́ tirú wọn, ṣé wọ́n á ráyè sinmi? Bí Màámi bá fọwọ́ kan 'Mo ń bọ̀' lára ẹ̀gbà, wọ́n á gbéra, wọ́n á yọ owó wọn lápò wa. Bí Màámi bá fọwọ́ kan 'Ní sùúrù', àwọn ayọni á dúró."

"Ìwọ ò wá ní gbọ́."

"Màámi á sọ fún mi."

Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ pé oòrùn á là lọ́la. Ìbíyẹmí wò ó títí. Ènìyàn gíga ni, èjìká rẹ̀ fẹ̀, agbádá rẹ̀ ń dán. Ó rántí adìẹ agric tí ìyá tó bí òun sìn nígbà ayé rẹ̀: gbogbo ara ni ẹran, bí ilẹ̀kùn àgò bá ṣí sílẹ̀, kò ní jáde.

Ẹ̀yìn ìsọ̀ ni ẹ̀wù àwọn apẹja wà, lórí ìkọ́, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn tó kọjú sí ọ̀sà. Ère kankan kò wọ̀ wọ́n. Àwọ̀ wọn dà bí ọsàn tó pọ́n jù. Wọ́n nípọn, wọ́n ní fèrè tí à ń fun, iná kékeré lórí èjìká, ìbòrí fún ìgbì, ìdìmú lẹ́yìn ọrùn tí wọ́n lè fi fa ènìyàn sókè bí ọmọ ológbò, wọ́n sì ní okùn itan méjì méjì. Irú rẹ̀ ni Bàbá Jẹ́gẹ́dẹ́ wọ̀ wá. Ìdí tí ère fi ní kó nu ẹsẹ̀ nìyẹn. Apẹja ló ń ra tirẹ̀ fúnra rẹ̀, bó bá sì rà á tán, yóò sọ igbe rẹ̀ sílẹ̀ fún gbogbo etí. Gbogbo ẹni tó wọ irú ẹ̀wù bẹ́ẹ̀ lágbègbè ni yóò gbọ́, wọ́n sì gbọ́dọ̀ lọ. Nítorí èyí ni òfin kò fi gbà kí wọ́n tẹ ẹsẹ̀ sí èbúté mábù ní Òkè-Ìmọ́lẹ̀. Àwọn ọlọ́lá kò fẹ́ ẹni tó lè fi àríyá sílẹ̀ láàárín ọ̀rọ̀ nítorí ẹni tí kò mọ̀.

"A ò tíì lọ wò ó lómi," ni Bàbá Jẹ́gẹ́dẹ́ wí.

"Lọ kí ni?" ni Ìyáàfin Ọlápẹ̀jú bi í.

"A kì í ra ẹ̀wù omi lórí ilẹ̀ gbígbẹ. Nílé wa, ẹni tó fẹ́ rà á yóò kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ bọ́ sómi, àwọn àgbà á dúró wò ó. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn yẹn, nítorí rẹ̀ ni wọ́n ṣe dá a sílẹ̀ nígbà tí bàbá Múfútáù ni ìsọ̀ yìí."

"Ìgò afẹ́fẹ́ inú rẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan ló ń tú," ni Múfútáù sáré wí. "Bó bá ti tú, ó tú nìyẹn. Bàbá tèmi kú sínú gbèsè nítorí irú àwọn àṣà wọ̀nyẹn."

"Àṣà ará odò," ni Ìyáàfin Ọlápẹ̀jú wí. Ó ti yíjú. "Jọ̀ọ́, Múfútáù, ẹ jẹ́ ká wo iṣẹ́ ọnà tí wọ́n máa ṣe sí ọrùn rẹ̀. Mi ò fẹ́ ẹyẹ. Ẹyẹ ni ìyàwó Ṣówándé wọ̀ lọ́dún tó kọjá, gbogbo wọn ló ń pe ara wọn lẹ́yẹ."

Múfútáù tẹ́ àwọn aṣọ oníṣẹ́ ọnà sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Àwọn ère ṣù bò wọ́n láti máa yìn ín. Adédàpọ̀ dìde, ó lọ dúró lẹ́yìn ìyá rẹ̀, ó fi ìka kan ọ̀kan. Ìyá ní rárá. Ó yọ ìka náà kúrò.

Bàbá wo ọmọ-ọmọ rẹ̀. Ìbíyẹmí náà wò ó. Lẹ́yìn náà ó rìn lọ sí ẹ̀yìn ìsọ̀ pẹ̀lú àrán wúrà lọ́rùn, ó ṣí ilẹ̀kùn, ó rọra sọ̀ kalẹ̀ sínú ọ̀sà bí ẹni tó ń jókòó sórí àpótí.

Omi gbà á dé orí. Nǹkan kan tú pẹ́ẹ́ lẹ́bàá etí rẹ̀, ẹ̀wù náà wú lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì ta á sókè. Bàbá kò parọ́. Kò pẹ́ tí àrán náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, ó gun àgbọ̀n rẹ̀, ó gun etí, ó fẹ́ẹ́ gba orí rẹ̀ jáde bí fìlà tó fẹ̀ jù. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di etí ẹ̀wù náà nísàlẹ̀ mú, ó sì ń fi ẹsẹ̀ wa omi. Ìgbì rọra gbé e wọ abẹ́ ìsọ̀, láàárín àwọn òpó, níbi tí omi ti dúdú tó sì ń rùn bí ìsàlẹ̀ agbada àtijọ́.

Ẹ̀wù sọ̀rọ̀ létí rẹ̀, ohùn obìnrin tó fẹ́ sùn. "O ti wà nínú omi. A ti ké sí ẹni tó ni igbe rẹ."

Àlàfo wà láàárín àwọn pákó òkè orí rẹ̀. Ó ń rí ìmọ́lẹ̀, ó ń rí àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà Ìyáàfin Ọlápẹ̀jú, ó sì gbọ́ nǹkan kan tó ń ró wííwíí bí kòkòrò.

"Màámi, ẹ̀gbà yín ń ké," ni Adédàpọ̀ wí lókè.

"Mo gbọ́. Múfútáù, gbé èyí tó ní ewé yẹn wá."

"Ta ni?" ni Adédàpọ̀ bi í.

"Mi ò mọ̀. Ìyàwó kan ni. Wọ́n kúkú máa ń ṣubú."

Ariwo náà dákẹ́.

"Ẹni tó ni igbe rẹ ti gbọ́," ni ẹ̀wù wí létí Ìbíyẹmí. "Ó ní kí o ní sùúrù."

Kò ní ju ìka kan lọ tí Ìyáàfin Ọlápẹ̀jú fi kan ẹ̀gbà. Ọwọ́ rẹ̀ kejì á ṣì di aṣọ ọnà mú. Ìbíyẹmí dúró nínú omi, ẹ̀wù ń jà láti fi í sílẹ̀, ó ń retí kí ẹnì kan lókè béèrè ìyàwó wo. Ìbéèrè kan ni. Ẹnu ọ̀dọ́mọkùnrin tó fẹ́ fẹ́ ẹ tó gbà á dáadáa.

"Ewé yìí dára," ni ohùn Adédàpọ̀ wí.

"Ewé yẹn jọ ti ẹ̀fọ́," ni ìyá rẹ̀ dá a lóhùn.

"Lóòótọ́, ó jọ ọ́."

Wííwíí tún bẹ̀rẹ̀, ó sì tún dákẹ́. "Ẹni tó ni igbe rẹ ti gbọ́. Ó ní kí o ní sùúrù."

Bàbá Jẹ́gẹ́dẹ́ ti kúnlẹ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ó na ọ̀pá gígùn kan sí i. "Ìbí, dì í mú. Ṣé kí n fà ọ́?"

"Ẹ jẹ́ kí n gbọ́ ọ tán, Bàbá."

Ó gbọ́ ọ tán. Wọ́n sọ̀rọ̀ ìyàwó Ṣówándé. Wọ́n sọ̀rọ̀ ọbẹ̀ tí wọn yóò sè. Ẹnikẹ́ni kò béèrè ìyàwó wo. Ìgbà tí apá bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó, tí omi sì ti wọ̀ ọ́ nímú, ló tó di ọ̀pá náà mú.

Ó rìn wọ àárín ìsọ̀, omi ń ro tótó lára rẹ̀, ẹ̀wù àrán wú sí i lọ́rùn bí gẹ̀gẹ̀. Ère kan ní kó nu ẹsẹ̀. Ó kọjá lára rẹ̀.

"Kí ló ṣe èyí?" ni Ìyáàfin Ọlápẹ̀jú béèrè.

"Èmi ni, Màmá."

"Ìwọ ni kí ni?"

"Ìyàwó tó ṣubú."

Adédàpọ̀ wo ẹ̀gbà ọwọ́ ìyá rẹ̀. Ìlẹ̀kẹ̀ tuntun tó ké náà ṣì pọ́n níbẹ̀. Múfútáù gbé ọwọ́ lérí, ìgò afẹ́fẹ́ rẹ̀ ló ń dùn ún. Ṣùgbọ́n ojú kò ti Ìyáàfin Ọlápẹ̀jú. Ojú tó ń ti ènìyàn, ẹ̀bùn ni, kì í ṣe gbogbo orí ló gbà á.

"Ṣé kí n wá máa sáré nítorí ọmọ tó ń fi omi ṣeré lábẹ́ ilé? Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀ pé ìwọ ni?"

"Ẹ ò béèrè, Màmá."

"Ìyàwó méje ló wà lọ́wọ́ mi. Bí mo bá ń béèrè fún gbogbo yín, ìgbà wo ni mo fẹ́ jẹun?"

Ó sọ òtítọ́. Ohun tó mú Ìbíyẹmí dúró jẹ́ẹ́ nìyẹn. Obìnrin yìí kò kórìíra rẹ̀. Ẹni tó kórìíra ẹni ì bá tiẹ̀ mọ ìlẹ̀kẹ̀ tó jẹ́ tẹni.

Ó tú bẹ́líìtì àrán náà. Ó gbé e sórí àwọn aṣọ ọnà, lórí ewé tó jọ ẹ̀fọ́, omi sì ń ṣàn láti ibẹ̀ lọ sí ẹsẹ̀ Ìyáàfin Ọlápẹ̀jú. Lẹ́yìn náà ó lọ sí ẹ̀yìn ìsọ̀, ó já ẹ̀wù apẹja kan lórí ìkọ́, ó wọ̀ ọ́.

"Mọ ohun tí ò ń ṣe," ni Múfútáù wí. "Bí ojú ibodè bá ti rí èyí lára rẹ, apẹja ni ọ́ nìyẹn. Èbúté mábù ò ní gbà ọ́ mọ́. Bí wàá bá tiẹ̀ ń jẹun lọ́wọ́, bí ẹnì kan bá ké, o gbọ́dọ̀ dìde."

"Mo gbọ́."

"Ta ló ń rà á?"

"Èmi. Bàbá ní owó àwọ̀n mi lọ́wọ́."

"Igbe rẹ̀ ńkọ́, ta ni ká kọ ọ́ sí?"

"Ẹ má kọ ọ́ sí ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá gbọ́ ni kó wá."

Ó ká ìró rẹ̀ sókè dé orúnkún, níwájú gbogbo wọn, ó gba okùn itan kan láàárín ẹsẹ̀, ó fà á le, ó sì gba èkejì. Kò ṣí ẹsẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ ní gbangba bẹ́ẹ̀ rí láyé rẹ̀. Ìyáàfin Ọlápẹ̀jú yí ojú sí ògiri, àwọn ère náà sì yí ojú sí ògiri tẹ̀lé e, gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà.

Ìta ni Adédàpọ̀ ti bá a, lórí àtẹ̀gùn tó lọ síbi tí ọkọ̀ Bàbá wà. Ó ti sáré, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, nítorí ohun tó dì sábẹ́ agbádá kò fún àyà rẹ̀ láyè.

"Ìbíyẹmí, dúró. Màámi ní bí o bá bọ́ ọ báyìí, àwọn ò ní ka ọ̀rọ̀ yìí sí."

"Ìwọ ńkọ́, kí lo ní?"

"Èmi? Mo fẹ́ ọ. O mọ̀ pé mo fẹ́ ọ." Ó wo okùn itan rẹ̀, ó yára gbé ojú kúrò. "Àbí o ti kọ̀ mí ni?"

Bàbá Jẹ́gẹ́dẹ́ ti wà nínú ọkọ̀, ó ń tú ìgbòkun. Ó ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Ìbíyẹmí wo ọmọkùnrin náà. Òun tí kì í sọ̀rọ̀ láwùjọ, kò rí ohunkóhun níwájú rẹ̀ tó lè mú ojú tì í mọ́.

"Mi ò kọ̀ ọ́," ni ó wí. "Irú èyí ṣì pọ̀ lórí ìkọ́. Bọ́ tìrẹ, lọ mú ọ̀kan wọ̀, ká jọ máa lọ."

Adédàpọ̀ yíjú padà, ó wo ẹnu ọ̀nà ìsọ̀, níbi tí ìyá rẹ̀ dúró sí.

Ìbíyẹmí kò dúró kí ojú náà tó padà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó sọ̀ kalẹ̀ sínú ọkọ̀, ó sì bá Bàbá di okùn ìgbòkun mú.